Okùn Ìwọ̀ Lára Gìtá Ìyàwó Mi

Ìyàwó mi ló ń ta gìtá nínú ilé wa, kì í ṣe èmi. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé tí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ gìtá sílẹ̀, ìka ọwọ́ mi ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń wò. Ìka télọ̀ ni ìka mi. Aṣọ ilé ìwé ni mo rán jẹun ní Igbó-Elérin, títí ojú mi ò fi rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyàwó ń ta gìtá, ọkọ ń gbọ́. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa títí Ọlọ́run fi pè é.

Ọmọbìnrin mi ní bí mo bá máa kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tí a dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé lè má fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, torí orúkọ ni èmi fi ń rántí èèyàn. Mo mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ orúkọ tí ìyá ẹlòmíràn nínú wọn ń jẹ́. Ọkùnrin tó tajà fún wa ní ọjà Àlàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré la rí ara wa, ṣùgbọ́n mo bi í ní orúkọ, mo sì rántí rẹ̀ títí di òní. Ó dáa, màá pa gbogbo wọn mọ́ sínú mi. Ẹni tó bá ka ibi tó kàn án yóò mọ̀ pé òun ni.

Ọmọ etí omi ní Ọ̀jọ́ ni ìyàwó mi. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Sójà ojú omi kan tó ń gbé ní Navy Town máa ń ra ẹja lọ́wọ́ bàbá náà, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé sójà yẹn lọ sí ìlú mìíràn, ó kó ẹrù rẹ̀, kò ríbi gbé gìtá rẹ̀ sí, ó bá gbé e fún bàbá. Bàbá ò mọ ohun tí wọ́n ń fi gìtá ṣe. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jókòó tì í. Okùn mẹ́fà ló wà lára gìtá. Àwọn mẹ́ta tó nípọn, tí wọ́n fi wáyà bàbà wé, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti já. Ta ló ń ta okùn gìtá ní etí omi? Bàbá ṣí àpótí tó ń kó ìwọ̀ sí, ó yọ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń pẹja, ó yan mẹ́ta tí ara wọn yàtọ̀ síra, ó so wọ́n mọ́ gìtá náà bó ṣe máa ń so okùn mọ́ ìwọ̀. Ó ní bí ẹja ńlá ò bá lè já kókó òun, orin ò lè já a.

Láti ọjọ́ yẹn, okùn ìwọ̀ ni. Nígbà tí okùn gìtá pọ̀ ní Àlàbá bíi yanrìn, ìyàwó mi ń ra àwọn tó nípọn, tí wọ́n wé ní bàbà, ṣùgbọ́n kò ra àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ rí. Tó bá ti fẹ́ pààrọ̀ wọn, ilé bàbá rẹ̀ ló ń lọ, á sì so kókó náà fúnra rẹ̀. Mo bi í léèrè nígbà kan. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, irin máa ń pariwo. Èyí ń sọ̀rọ̀ ni."

Òótọ́ ló sọ. Ní ọjọ́ Sátidé, bí mo bá ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, á máa ta á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn tó wá gba aṣọ ọmọ wọn á gbàgbé pé àwọn ń kánjú.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbà, òun ló ń ta á fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Orin kan wà tó ṣe fúnra rẹ̀ fún wọn, orin kúkúrú ni:

Odò kún, ọkọ̀ mi ò rì,
Ọwọ́ Rẹ ló di àjẹ̀ mú.

Kí wọ́n tó ra sípíkà, gbogbo ìjọ ló ń gbọ́ ọ. Nígbà tí sípíkà dé, tí kíbọ́ọ̀dù dé, tí ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ dé, àwọn tó bá jókòó tì í nìkan ló ń gbọ́ ọ. Wọ́n gbé máìkì síwájú gìtá, máìkì ń hó bí àgbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Wọ́n gbé máìkì kúrò. Kò bínú, kò sì dá a dúró. Mo ń wo ìka rẹ̀ láti ibi tí àwa ọkùnrin ń jókòó, mo ń fi ojú gbọ́ ọ.

Ó kú ní ọdún tó kọjá. Àyà ló ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ nípa ikú rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kọ, n ò sì lágbára rẹ̀.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan ń bọ̀, ọmọbìnrin mi, òun nìkan ni obìnrin tí a bí, ní òun fẹ́ ta orin ìyá òun nínú ìsìn náà. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti kékeré. A lọ bá ọ̀gá kọ́yà. Ọmọlúàbí èèyàn ni, kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wa.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ohùn gìtá Màmá ò ní jáde. Inú ìjọ ò rí bó ṣe rí látijọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù gbé orin náà, kí ọmọ yín máa kọ ọ́."

Ọmọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá jáde ńkọ́?"

"Tó bá jáde, ṣé mo lè dí i lẹ́nu ni? Ẹ gbé e wá síbi ìgbaradì. Tí mo bá gbọ́ ọ látinú sípíkà, ó parí nìyẹn. Tí mi ò bá gbọ́, kíbọ́ọ̀dù ni o."

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nìyẹn láyé yìí lọ́dún náà: kí ìjọ gbọ́ gìtá ìyàwó mi, pẹ̀lú okùn tí òun fúnra rẹ̀ so. Okùn yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ò tíì kàn án láti ìgbà tó ti so ó. N ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí ò tíì sin ẹnì kejì rẹ̀.

Ọmọ mi ló sọ fún mi pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní píkọ́ọ̀pù. Ohun kékeré ni, wọ́n á fi í sára gìtá onígi, á sì gba ohùn rẹ̀ sínú wáyà, wáyà á gbé e lọ bá sípíkà. A lọ sí Àlàbá. A ò gbé gìtá dání. Èmi ni mo ní ká má gbé e. Mo mọ bí èrò ṣe máa ń fi èjìká gún èèyàn ní Àlàbá, ọkàn mi ò gbà kí wọ́n fi gún gìtá yẹn.

Ọmọ Ìgbò ni ọkùnrin tó ń tà á, ṣùgbọ́n Okokomáíkò ni wọ́n ti bí i, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju ti àwọn ọmọ mi lọ.

"Dádì, ẹ káàbọ̀. Irú gìtá wo? Onígi àbí oníná?"

"Onígi."

"Ẹ fẹ́ kó dún bí oníná, ẹ ò sì fẹ́ kó di oníná. Mo gbọ́ yín." Ó gbé mẹ́ta sórí tábìlì. "Èyí, wọ́n máa lu ihò sí gìtá kí wọ́n tó lè fi í sí i. Èyí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n máa fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èyí wá ni ọba wọn. Ẹ kàn máa há a sí ẹnu ihò ńlá tó wà láàárín gìtá. Kò sí ihò, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí wàhálà. Tó bá sú yín, ẹ yọ ọ́."

Bí mo ṣe gbọ́ "kò sí ihò," ọkàn mi ti yan èyí.

Ó mú gìtá kan tó fi kọ́ sára ògiri, ó há a sí i, ó ta á. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù gbọ̀n. Àwọn tó ń kọjá lọ yíjú.

"Dádì, ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ti gbọ́ ọ dé Ìjànìkin!"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó wá bi í pé, "Ṣé gbogbo gìtá ló ń bá mu?"

"Àǹtí mi, gìtá ni gìtá. Ṣé ìrẹsì ń mọ ìkòkò ni?"

A rà á. N ò bá ọkùnrin yẹn jà títí di òní. Kò rí gìtá wa, àwa náà ò sì mọ ohun tó yẹ ká sọ fún un.

Lọ́jọ́ ìgbaradì, ọmọ mi há píkọ́ọ̀pù sí ẹnu ihò gìtá, ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ọ̀gá kọ́yà ṣí míksà tí wọ́n fi ń darí ohùn sípíkà. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ jókòó sí bẹ́ńṣì iwájú. Ọmọ mi ta okùn. Kò sí nǹkan kan.

Ó tún ta á. Sípíkà ń dún hìììn, bíi yànmùyánmú, ṣùgbọ́n orin ò sí níbẹ̀. A pààrọ̀ wáyà. A pààrọ̀ ihò tí a ki wáyà bọ̀ lára míksà. Ọ̀gá kọ́yà fi ìka kan píkọ́ọ̀pù, sípíkà dáhùn "gbọ̀ọ̀." Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ o!" Ọmọ mi ta okùn, ó tún dákẹ́. Ó ń gbọ́ ìka, kò gbọ́ okùn. Òógùn bo ọmọ mi lójú.

Ìyá kan tó ṣe aṣáájú fún ẹgbẹ́ wọn, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi tímọ́tímọ́ ni, ló gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ ò rí i? Olóhun, ẹni tó ni gìtá yìí, ò fẹ́."

Ẹlòmíràn ní, "Ó ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ láti ìṣáájú."

Aṣáájú wọn tún ní, "Ìgbà tó wà láyé, ṣé ó fẹ́ràn ariwo sípíkà? Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ fi gìtá ẹ̀ sílẹ̀."

Ọ̀gá kọ́yà rọra pa míksà. Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Bàbá, kò tíì pẹ́ jù," ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ ti wà lára kíbọ́ọ̀dù.

Mo gbé gìtá náà padà sílé, mo gbé e kọ́ síbi tó máa ń wà. Ẹ̀yin tó ń ka èyí lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi gbà á gbọ́. Ó rí bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ohun tó bá sípíkà sọ̀rọ̀ ní Àlàbá dákẹ́ lára gìtá tirẹ̀ nìkan. Kí ni mo fẹ́ pè é? Mo dúró síwájú gìtá náà, mo ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ìwọ ni? Kí ni mo ṣe fún ọ?" N ò jẹun dáadáa. Mo rò ó pé ìmọtara-ẹni-nìkan ló mú kí n fẹ́ gbọ́ ọ, pé ẹni tó kú ti gbé ẹ̀yìn sí mi, kò fẹ́ kí n pe òun mọ́. Èyí ló dùn mí ju ọjọ́ tí a sin ín lọ.

Ọmọ mi ò gbà. Ó wá láti Ìjànìkin níbi tó ń gbé, ó ní, "Bàbá, ẹ wọ bàtà yín. A ń lọ sí Okokomáíkò." Ọkùnrin Ègùn kan wà níbẹ̀ tó máa ń tún ẹ̀rọ sípíkà ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Lọ́tẹ̀ yìí, a gbé gìtá dání. A fi ìró ìyá rẹ̀ wé e.

Ọkùnrin náà tú ìró náà, ó gbọ́ ohun tí ọmọ mi sọ, títí kan ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ẹgbẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó yọ píkọ́ọ̀pù, ó wá wo fìlà mi. Mo máa ń gún abẹ́rẹ́ mọ́ etí fìlà mi láti ìgbà tí mo ti ń rán aṣọ, n ò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ yá mi lábẹ́rẹ́ yín."

Mo yọ ọ́ fún un. Ó gbé e sí ìtòsí píkọ́ọ̀pù, abẹ́rẹ́ fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó yọ ọ́. Ó ní agbára píkọ́ọ̀pù ti ran abẹ́rẹ́ náà, bó bá rí irin á fà mọ́ ọn, kí n fi ọwọ́ ara mi gbé e sí ìtòsí okùn gìtá. Mo gbé e síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò mira. Mo gbé e sí èyí tó nípọn, tí wọ́n wé ní bàbà. Kò mira.

"Mágínẹ́ẹ̀tì ló wà nínú píkọ́ọ̀pù yìí, Bàbá. Etí irin ló ní. Okùn irin ló ń gbọ́. Àwọn okùn yín yìí, náílọ́ọ̀nù ni ti ìsàlẹ̀, bàbà ni ti òkè. Kò lè gbọ́ wọn láéláé, kódà bó jẹ́ pé áńgẹ́lì ló ń ta wọ́n." Ó dá abẹ́rẹ́ mi padà. "Màmá ò dákẹ́ sí yín. Etí tí ẹ gbé wá ni kò gbọ́ èdè wọn."

Mo jókòó sórí àpótí sípíkà kan, mo sunkún. Ọmọ mi dúró tì mí, kò ní kí n dákẹ́. Ọkùnrin Ègùn náà yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tú ìṣó kan tí mo rò pé kò nílò láti tú.

Nígbà tí mo nu ojú tán, ó sọ ohun tó kù fún wa. A lè yọ gbogbo okùn, ká fi irin sí i, píkọ́ọ̀pù wa á sì gbọ́ ọ. "Ṣùgbọ́n okùn rírọ̀ ni wọ́n ṣe gìtá yìí fún. Irin á máa fà á, àyà rẹ̀ á wú, lọ́jọ́ kan á ya." A mú ìyẹn kúrò. Ó fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ píkọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan tó rí roboto mọ́ ikùn gìtá, ó gbé e sára sípíkà rẹ̀. Ohùn jáde, àmọ́ bíi tẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú garawa ni, nígbà tó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó han gooro débi pé ajá tó sùn sábẹ́ tábìlì dìde.

"Ó ku irú píkọ́ọ̀pù kan," ó wí. Ó fi ìka han egungun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ìsàlẹ̀ gìtá, èyí tí gbogbo okùn gùn kọjá. "Abẹ́ egungun yìí ni ó ń wọ̀. Kò bìkítà bóyá irin ni tàbí náílọ́ọ̀nù, bí okùn bá ti tẹ egungun, ó gbọ́ ọ. Ohùn tó máa jáde, ohùn gìtá gan-an ni. Ṣùgbọ́n màá lu ihò kékeré kan sábẹ́ egungun, màá lu ńlá kan sí ìdí gìtá, ibi tí wáyà á gbà wọlé. Gbogbo okùn ló sì máa kúrò lára rẹ̀ ná."

Mo ní, "Rárá."

"Bàbá..."

"Mo ní rárá. Ẹ ò ní lu nǹkan olóògbé ní ihò. Ẹ ò sì ní tú okùn tó so."

Ọmọ mi kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí epo ti dà sí yẹn. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá mi, ẹ má bínú sí mi. Ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pín in."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ kì í jogún ìyàwó. Lẹ́yìn tí a sin ín, àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ọ̀jọ́, wọ́n tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín ìkòkò, fún àwọn ọmọ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àlejò nínú ilé ara mi, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Gìtá, wọ́n gbé e fún ọmọbìnrin mi. Òun ló ní kó ṣì wà lára ògiri mi, kí ilé má bàa ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ń wò ó pẹ́ débi tí mo fi gbàgbé pé àánú mi ló ṣe é.

Mo ní, "Dìde. Ta ló ní kí o kúnlẹ̀ sínú epo? Tìẹ ni. Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, Bàbá."

"Kí wọ́n lù ú nígbà náà."

Ọkùnrin Ègùn mú píláyà láti gé àwọn okùn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó má gé e, pé màá tú u. Ó wo kókó náà, ó ní, "Bàbá, èyí ò ṣeé tú. Bí ẹ ṣe ń fà á ló ń le sí i." Mo ní mo mọ̀. Bàbá apẹja ló so irú rẹ̀ àkọ́kọ́, kókó tí ẹja ńlá ò lè já. Àmọ́ kò sí kókó tí kò níbi tó ń gbà tú. Mo fi abẹ́rẹ́ mi wá ojú rẹ̀. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ìka mi ló ń ríran. Mo tì í síhìn-ín, mo tì í sọ́hùn-ún, ó rọ̀. Bí mo ṣe ń tú wọn, mo ń rí bó ṣe so ó: ó máa ń yí okùn sí apá òsì, torí ọwọ́ òsì ló ń lò. N ò tíì kíyè sí ọ̀nà tó ń gbà so ó rí ní gbogbo ọdún tí a fi jọ gbé. Mo kó okùn náà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wé wọn bí mo ṣe máa ń wé òwú.

Nígbà tó fẹ́ lù ú, ó ní kí n lọ dúró síta. N ò lọ. Mo tẹ́ ìró náà sórí itan mi, mo gbé gìtá lé e, mo dì í mú, ó ń lù ú. Igi náà ń rùn bí igi tútù, bó ti gbó tó. Ìyẹ̀fun rẹ̀ dà sórí ṣòkòtò mi, n ò gbọ̀n ọ́n nù títí mo fi dé ilé. Ó ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ihò kékeré, ó tẹ́ píkọ́ọ̀pù náà sábẹ́, ó fi fáìlì fá egungun díẹ̀ kí okùn má bàa ga jù, ó gbé bátìrì kékeré sínú. A dá okùn padà. Ọmọ mi ló so wọ́n. Ẹyọ kan já mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ibi kókó gan-an ló ti já. Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀.

Mo ní, "Lọ sí Ọ̀jọ́."

Ó gbé gìtá lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ṣì ń pẹja. Ọkùnrin yẹn gé okùn fún un láti ara èyí tó fẹ́ lò lọ́jọ́ náà, ó sì jókòó kọ́ ọ ní kókó náà títí ó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó gbé gìtá padà, mo wo kókó tuntun. Apá ọ̀tún ni ó yí i sí.

Ìgbaradì tó kẹ́yìn ni a gbé e dé. Ọ̀gá kọ́yà ṣí míksà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò tó gbóná. Ọmọ mi ta okùn kan. Ó jáde. Kò pariwo, ó ń sọ̀rọ̀, ó kàn wá tóbi ni, ó kún gbogbo ilé. Mo gbọ́ bí ìka ọmọ mi ṣe ń yọ̀ lórí bàbà láti ibì kan dé ibì kejì. Ọ̀gá kọ́yà kàn na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù, ó pa á.

Lọ́jọ́ ìrántí, wọ́n pe ẹgbẹ́ àwọn ìyá síwájú. Ọmọ mi jókòó láàárín wọn, ó dojú kọ ìjọ, wọ́n sì ti gbé sípíkà kúrò níwájú rẹ̀ kó má bàa hó. Ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá tó yẹ kí wọ́n gbe orin ò lè tètè gbè é. Ohùn gìtá ti lọ yí ká lẹ́ẹ̀kan kí ẹnì kan tó lanu. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí sípíkà dé ń wo ara wọn, wọn ò mọ̀ pé ohun tí gìtá yẹn ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. "Odò kún, ọkọ̀ mi ò rì." Mo di ẹ̀yìn bẹ́ńṣì tó wà níwájú mi mú. N ò fi ojú gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo di ojú mi.

Lẹ́yìn ìsìn, aṣáájú ẹgbẹ́ wọn wá bá mi. Ẹkún ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i, Bàbá? Olóhun ti gbà."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti gbà." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Kí ni mo fẹ́ máa sọ ọ̀rọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì fún un sí?

Nígbà tí àlejò tán nílé, ọmọ mi di ẹrù rẹ̀. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Mo mọ ohun tó ń wá ẹnu sọ. Ní Ìjànìkin, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ò ní onígìtá.

Mo ní, "Gbé e lọ."

"Bàbá, màá máa gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé."

"Tí ààyè bá wà. Má fi sínú oòrùn. Tí bátìrì bá kú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fipá yọ ọ́. Tí o bá sì tún fẹ́ so okùn..."

Mo fi ìró wé gìtá náà fúnra mi, mo gbé e dé ẹ̀bá títì, níbi tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní, "Bàbá, ẹ gbé ẹrù yẹn sẹ́yìn."

"Kì í ṣe ẹrù. Yóò jókòó."

"Jókòó kẹ̀? Ṣé ó máa san owó ọkọ̀ ni?"

Ọmọ mi ní, "Orí ẹsẹ̀ mi ló máa jókòó sí, ẹ máa wakọ̀ yín." Ó wọlé, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sáyà bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ó ní kí n wọlé, pé oòrùn ń pa mí. Mo ní ó ti yá.

Kẹ̀kẹ́ náà kọjú sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Mo dúró síbẹ̀ títí n ò fi rí i mọ́, mo wá wọlé, mo gbé omi kaná.